Owó Tí Ìjọba Ń Yá Àwọn Ọmọ Yunifásítì: Ǹjẹ́ Èlé Wà Nínú Rẹ̀?

 Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ó kan èmi fúnra mi, n kò sì ní fi bò. Mo ṣe wáàsí kan láìwádìí, mo sì fi ojú ara mi rí ohun tí ó dá sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ṣí ìlẹ̀kùn fún àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀, pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ yá owó láti fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá kọ orúkọ sílẹ̀. Àjọ tí ó ń bójú tó iṣẹ́ náà ni wọ́n ń pè ní NELFUND. Kò pẹ́ tí ìròyìn náà fi dé mọ́ṣáláṣí wa. Ẹnì kan wá bá mi, ó ní ìjọba ti fẹ́ fi èlé kó àwọn ọmọ wa lẹ́rú. N kò bi í pé níbo ni ó ti gbọ́ ọ. Nígbà tí ó di Jímọ̀, mo gun mínbárì, mo sọ bí Ọlọ́run ti ṣe òwò ní ẹ̀tọ́ tí ó sì ṣe èlé ní èèwọ̀ nínú Súrà Bákárà, mo sì ní ọmọ Mùsùlùmí kankan kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan owó náà. Àwọn àgbàlagbà ń mi orí, àwọn ìyá wa lẹ́yìn ń sọ pé òótọ́ ni. Inú mi dùn púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Wáàsí tí ó bá wọ àwọn ènìyàn lára a máa dùn mọ́ ẹni tí ń ṣe é. Ìdẹwò àwa àlùfáà ni ìyẹn.

Ìyá kan wà nínú jàmáà wa tí ó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní ọjà Bódìjà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní ọdún kejì. Ọmọ yìí ti fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún owó náà, ìyá rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ dán an wò, nítorí Ààfáà ti sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́ ti lé, ọjà kò sì yá. Kí ni ìyá náà ṣe? Ó lọ bá àwọn tí ń yá àwọn obìnrin ọjà lówó, tí wọ́n ń gbà á padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èlé wà lórí owó tiwọn, kò sì fi ara sin; kí wọ́n tó ka owó lé e lọ́wọ́ ni wọ́n ti yọ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi yé o. Nítorí kí ọmọ má baà jẹ èlé tí èmi kò mọ̀ bóyá ó wà tàbí kò sí, ìyá lọ gbé èlé tí gbogbo ọjà mọ̀ pé ó wà. Èmi ni mo sì rán an níṣẹ́ náà.

N kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ nígbà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni ọmọ náà wá sí ilé mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, àwa ọmọ ẹgbẹ́ MSS fẹ́ jíròrò lórí owó yíyá yìí lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá bá wa jókòó." Kò fi ẹnu kan ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ rárá. Èrò mi ni pé wọ́n fẹ́ kí n wá là wọ́n lọ́yẹ̀. Mo we láwàní mi tí ó dára jù, mo kó ìwé mẹ́ta sínú àpò, ó di Yunifásítì.

Kí n sọ òótọ́, ẹ̀rù ibẹ̀ a máa bà mí. Ilé-kéwú ni mo dàgbà sí. Lákòókò tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, mo ka kíláàsì mẹ́ta níbẹ̀, bàbá mi sì mú mi kúrò kí n lè parí kéwú mi. Kì í ṣe òun nìkan ni ó ń rò bẹ́ẹ̀. Àwọn bàbá wa gbà pé ẹni tí ó bá wọ ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò gbà jáde, wọn kò sì pa irọ́ púpọ̀, nítorí ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1923, kí ọmọ Mùsùlùmí lè kàwé láìsọ ẹ̀sìn rẹ̀ nù. Ìdí kan náà ni àwọn ọmọ ilé-ìwé fúnra wọn ṣe dá MSS sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1954. Lateef Adegbite ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́, ẹni tí ó di Akọ̀wé Àgbà Ìgbìmọ̀ tí ó ga jù lọ fún ọ̀ràn Ìsìláámù ní ilẹ̀ yìí nígbẹ̀yìn. Ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n o, kì í ṣe àwa àlùfáà.

Yunifásítì Ìbàdàn tìkára rẹ̀, ní ọdún 1948 ni ó bẹ̀rẹ̀, ní Ẹlẹ́yẹlé, nínú àwọn ilé tí àwọn ọmọ-ogun lò fún ilé ìwòsàn nígbà ogun Hitler. Abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà títí di ọdún 1962 tí ó fi dá dúró. Àríyànjiyàn kò ṣe àjèjì níbẹ̀. Ẹni tí ó bá dàgbà yóò rántí ọ̀ràn àgbélébùú tí ó dojú kọ mọ́ṣáláṣí, tí ó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ní ọdún 1985 sí 1986. Wọn kò wó àgbélébùú náà, ògiri ni wọ́n mọ láti fi bò ó lójú àwọn tí ń kírun. Lójú tèmi, ògiri náà gbọ́n ju ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lọ́dún náà lọ.

Ọmọ náà mú mi gba iwájú àwọn ilé tí wọ́n ń gbé kọjá. Àṣálẹ́ ti ń sún mọ́, oòrùn ata díndín ń jáde láti ojú fèrèsé; olúkúlùkù ń dáná tirẹ̀. Mo bi í bóyá ilé-ẹ̀kọ́ kò bọ́ wọn ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni wọ́n torí rẹ̀ fẹ̀hónú hàn ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1971 tí ọlọ́pàá fi yìnbọn pa Kúnlé Adépéjù, ọmọ tí ń kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, tí ilé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Èmi náà rántí ti ọdún 1978 tí wọ́n ń gbọ́ ní gbogbo ìgboro, tí ìjọba ológun fi owó oúnjẹ wọn kún láti àádọ́ta kọ́bọ̀ lóòjọ́ sí náírà kan àtààbọ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pariwo pé kí Ahmadu Ali tí ó jẹ́ kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ máa lọ. Náírà kan àtààbọ̀! Ọmọ náà ní òun kò rí owó kọ́bọ̀ rí láyé òun.

A kírun Àsárì tán, wọ́n jókòó, àwọn ọkùnrin lápá kan, àwọn obìnrin lápá kan. Wọ́n kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n gbé àga fún mi. Mo ti ń wá ojú ìwé tí n ó kà nígbà tí ọmọ kan tí ń kọ́ ìṣègùn dìde, tí ó sì fa òfin náà yọ lórí fóònù rẹ̀, tí ó ń tú u sí Yorùbá fún mi ní ẹsẹ ẹsẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó kà, nítorí mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín kò tí ì gbọ́ ọ. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ kọ́kọ́ fọwọ́ sí òfin náà. Ó le nígbà náà: owó tí ń wọlé fún òbí kò gbọdọ̀ kọjá iye kan, ọmọ sì ní láti wá àwọn ẹni ńlá tí yóò ṣe onídùúró fún un. Wọ́n pa á rẹ́, wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024, tí ó yọ ìwọ̀nyí kúrò. Owó ilé-ẹ̀kọ́ kì í gba ọwọ́ ọmọ kọjá, ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san án fún. Fún oúnjẹ àti ìnáwó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fún ọmọ tí ó bá fẹ́ ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà lóṣù. Sísan rẹ̀ di ìgbà tí ọmọ bá ti parí ìsìnrú ìlú tí ọdún méjì sì ti kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni wọn yóò máa yọ. Ẹni tí kò bá rí iṣẹ́ lè lọ búra ní kóòtù kí wọ́n fún un láàyè sí i. Bí ó bá kú, gbèsè náà kú.

"Èlé ńkọ́?" ni mo bi í.

"Kò sí, Bàbá. Iye tí a bá gbà ni a ó dá padà."

Ará mi, ìwé mẹ́ta wà lórí itan mi, kò sí èyí tí mo lè ṣí. Owó tí a yá ènìyàn láìbu èlé lé e, àwa ni a mọ orúkọ rẹ̀ nínú kéwú: kárdì hásánì ni, ìyánilówó rere, tí ẹni tí ó yáni ń gba láádá lé lórí. Mo ti pe èyí ní èèwọ̀ láti orí mínbárì.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ibẹ̀ ni wọ́n parí rẹ̀ sí. Ọmọbìnrin kan tí ń kọ́ òfin dìde, ó ní òun gbà pé èlé kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè ni, gbèsè kì í sì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ó rán wa létí bí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, ti fà sẹ́yìn láti kírun sí ara òkú kan tí ó jẹ gbèsè, títí ọ̀kan nínú àwọn sàábé fi gbà á sí ọrùn ara rẹ̀. Ó tún ní, láti ọdún 1972 ni ìjọba ti ní àjọ tí ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ọ̀pọ̀ gbà á, wọn kò san án padà, ìdí nìyẹn tí ètò náà fi kú. "Ẹni tí ó bá ti ní in lọ́kàn pé owó ìjọba ni, n kò ní san án, kí onítọ̀hún má gbà á." Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn púpọ̀. Mo fi kún un pé kí wọ́n tọ́jú ìwé àdéhùn wọn, nítorí ẹsẹ tí ó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì, orí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni ó dá lé. Ohun kan ṣoṣo tí ó wúlò tí mo sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ẹni tí ó da ọ̀rọ̀ rú ni ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó jókòó lẹ́yìn. Ó ní ẹ̀yin ń jà lórí èlé, ṣùgbọ́n ta ni ó sọ owó ilé-ẹ̀kọ́ di ohun tí ọmọ tálákà kò lè san? Bí ìjọba bá ti ń yá wa, wọn yóò tún fi kún owó náà, wọn yóò ní ṣebí a ti yá yín. Ó ní láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì títí di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni àwọn olùkọ́ fi da iṣẹ́ sílẹ̀, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ta ni yóò yá wọn ní oṣù mẹ́jọ náà padà? Ariwo ta. Àwọn kan ní ó ń sọ̀rọ̀ òṣèlú nínú mọ́ṣáláṣí. N kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé iye tí à ń ta ọjà láwìn kì í ṣe iye tí à ń tà á lówó lọ́wọ́. Bí oníbàárà bá ti mọ̀ pé òun kò ní san án lónìí, kì í ná an dáadáa. Ẹ̀rù ọmọ yẹn ń bà mí títí di ìsinsìnyí, mo sì rò pé ó yẹ kí ó máa ba àwọn tí ń ṣe òfin náà.

Ọmọ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ni ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà ńlá tí ó kọjú sí Àgbowó. Ibẹ̀ ni ó ti sọ fún mi. Ó rọra sọ ọ́, ó ń wo ilẹ̀: pé ìyá òun ń san owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí wáàsí mi, àti pé òun kò bínú, òun kàn fẹ́ kí n gbọ́ òfin náà láti ẹnu àwọn ẹlòmíràn, kí ó má baà dà bí ẹni pé òun ń bá àgbà jiyàn. Nígbà tí mo wọ ọkọ̀, awakọ̀ bèèrè ibi tí mo ń lọ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dá a lóhùn.

Ní Jímọ̀ tí ó tẹ̀lé e, mo gun mínbárì kan náà, mo sì sọ pé mo ti ṣìnà nínú ohun tí mo sọ lọ́dún tó kọjá, mo ka òfin náà fún wọn bí wọ́n ti kà á fún mi. Kò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Alàgbà kan wá bá mi lẹ́yìn ìrun, ó ní àlùfáà kì í pọ́n itọ́ rẹ̀ lá níwájú jàmáà, ọmọ kéékèèké yóò máa fi wá ṣe ẹlẹ́yà. Mo ní kí ó bá mi bẹ Ọlọ́run. Òmíràn kò wá sí ọ̀dọ̀ wa mọ́ láti ọjọ́ náà. Àwọn tí ń kó sáká jọ ní mọ́ṣáláṣí wa sì gbà pé onígbèsè wà lára àwọn mẹ́jọ tí sáká tọ́ sí, wọ́n mú díẹ̀ wá fún mi láti fi ran ìyá náà lọ́wọ́.

Mo gbé e lọ fún un ní Bódìjà lọ́jọ́ Ajé. Ó ń fi kóńgò wọn ẹ̀lùbọ́ fún oníbàárà, ó ní kí n jókòó. Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí mo bá wá, ó kúnlẹ̀, ó ní kí n dá a padà fún wọn, opó kan wà ní àdúgbò wa tí ó nílò rẹ̀ ju òun lọ.

"Ààfáà, ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín dàrú. Ó ku ọ̀sẹ̀ méje. Ọmọ yín náà sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ti ìjọba lọ́dún yìí."

N kò mọ ohun tí n ó sọ. Mo ní kí ó wọn kóńgò méjì fún mi. Ó fẹ́ fi ta mí lọ́rẹ, mo kọ̀ fún un, mo san owó rẹ̀ pé. Ó gbà á, ó kà á, ó sì fi í sínú àpò kékeré tí ó ń tọ́jú owó ọ̀sẹ̀ náà sí.