Ọkọ̀ Kì í Mu Omi
Bí wọ́n ṣe ń tún ẹnu pọ́ǹpù tó ń jò ṣe, kí ẹ̀rọ má bàa jóná

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ ọjà Ikpinlè, àwọn ọkọ̀ èrò ti wà lójú ọ̀nà. Àwọn kan ń ti Àjàṣẹ́ bọ̀, wọ́n gba Sakété kọjá. Àwọn mìíràn ń ti Pọ́bẹ̀ àti Kétu sọ̀kalẹ̀. Àwọn tó ń ti abúlé Adja-Ouèrè bọ̀ kó gàrí, àgbàdo àti epo pupa, àwọn obìnrin tó ni ẹrù náà sì jókòó sínú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni wọ́n ti lò fún ọdún púpọ̀ ní Yúróòpù, kí wọ́n tó gba èbúté Kútọnù wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.

Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣòro láti rí bìdọ́ǹ omi kan lẹ́yìn ìjókòó. Bí ọkọ̀ bá rìn díẹ̀, awakọ̀ á dúró, á ṣí iwájú ọkọ̀, á sì bu omi sí i. Bí èrò bá béèrè ohun tó dé, ìdáhùn kan náà ni wọ́n máa ń gbọ́: «Ọkọ̀ yìí ń mu omi.»

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í mu omi. Epo nìkan ni ẹ̀rọ ń jó. Omi tó wà nínú rẹ̀ kàn ń yípo ni, inú ibi tó dé pa ni ó sì ń yípo sí. Bí omi bá dín kù, a jẹ́ pé ó ti gba ibì kan jáde. Awakọ̀ tó ń bu omi sí i lójoojúmọ́ láì wá ibi tó ń jò kò tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Ó kàn ń sún ọjọ́ ìbàjẹ́ síwájú ni.

Iṣẹ́ tí omi ń ṣe

Bí ọkọ̀ bá ń sáré, iná ń jó epo nínú ẹ̀rọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Ooru tó ń ti ibẹ̀ wá pọ̀ tó láti ba irin jẹ́. Omi ni ó ń gba ooru náà kúrò lára irin.

Pọ́ǹpù ni ó ń ti omi yìí kiri, bí ọkàn ṣe ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara ènìyàn. Omi á yí ẹ̀rọ ká, á gbóná, á sì gba ọ̀pá róbà ti òkè wọ inú rádíétọ̀. Atẹ́gùn á tù ú níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, á gba ọ̀pá róbà ti ìsàlẹ̀ padà sí ẹnu pọ́ǹpù. Róbà yìí ni àwọn mẹkaníìkì ń pè ní dùríìtì. Òrùka irin tó dì í mọ́ ẹnu pọ́ǹpù ni wọ́n ń pè ní kólíyé.

Ibi tí róbà àti irin ti pàdé yìí ni omi sábà máa ń gbà jáde. Ojú ènìyàn kì í tètè tó o, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni ó wà, nínú òkùnkùn, lẹ́yìn bẹ́líìtì.

Ohun tó ń mú kí ó jò

Ohun àkọ́kọ́ ni ìgbọ̀nrìrì. Ọ̀nà abúlé ní kòtò púpọ̀. Lágbègbè Ọ̀họ̀rí tí ilẹ̀ rẹ̀ dúdú, ẹrẹ̀ ni nígbà òjò. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ilẹ̀ náà á le, á sì sán. Ọkọ̀ tó ń fò lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ á mú kí kólíyé tú díẹ̀ díẹ̀.

Ohun kejì ni ọjọ́ orí. Róbà tó ń gbóná tó sì ń tutù fún ọdún púpọ̀ á le, á sì sán lẹ́nu.

Ohun kẹta ni omi fúnra rẹ̀. Ní Massè, nínú kọ́múùnù Adja-Ouèrè, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì wà, òkúta ẹfun sì ni wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Omi kànga tó bá la irú òkúta bẹ́ẹ̀ kọjá á gbé ẹfun dání. Bí irú omi bẹ́ẹ̀ bá ń gbóná nínú ẹ̀rọ, ẹfun náà á lẹ̀ mọ́ irin, bí ó ṣe máa ń funfun nídìí ìkòkò tí wọ́n fi ń se omi. Omi lásán tún ń mú kí irin dípẹtà. Nígbà tí ẹnu pọ́ǹpù bá ti rí gbágungbàgun, róbà kò lè lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa mọ́.

Ìdí nìyí tí omi aláwọ̀ tí wọ́n ń tà fún rádíétọ̀ fi wúlò ní Bẹ̀nẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi kì í dì níbẹ̀. Kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, kì í sì í jẹ́ kí omi tètè hó.

Bí wọ́n ṣe ń wá ibi tó ń jò

Ní òwúrọ̀, kí awakọ̀ tó dáná sí ọkọ̀, kí ó wo ilẹ̀ lábẹ́ iwájú rẹ̀. Bí ó bá tẹ́ páálí sílẹ̀ ní alẹ́, ojú páálí náà á fi ibi tí omi kán sí hàn án. Kí ó wo kólíyé pẹ̀lú. Bí èérí funfun, àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ìpẹtà bá yí i ká, omi ti ń gba ibẹ̀ jáde.

Ṣùgbọ́n ibi tí omi kán sí kọ́ ni ibi tó ti jò. Òkè ni omi ti máa ń ṣàn wá. Nítorí náà, kí wọ́n fi aṣọ gbẹ gbogbo ibẹ̀, kí wọ́n dáná sí ẹ̀rọ, kí wọ́n sì fi tọ́ọ̀ṣì wò ó láì fi ọwọ́ kan bẹ́líìtì tàbí abẹ̀bẹ̀. Ibi tó ga jù lọ tó kọ́kọ́ tutù ni kí wọ́n fura sí.

Bí omi bá ń ti ihò kékeré kan lára pọ́ǹpù jáde, ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti kólíyé mọ́. Ihò náà ń fi hàn pé ohun tó dí inú pọ́ǹpù ti bàjẹ́. Pọ́ǹpù mìíràn ni ọkọ̀ náà nílò.

Ìdérí tí kò yẹ kí wọ́n ṣí

Omi inú ìkòkò tó wà ní ṣíṣí máa ń hó nígbà tí ooru rẹ̀ bá dé ìwọ̀n 100. Ìdérí rádíétọ̀ há gan-an, nítorí náà omi inú rẹ̀ lè kọjá ìwọ̀n 110 láì tíì hó. Bí ẹnì kan bá ṣí i lójijì, omi náà á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tú jáde sí ojú, ọrùn àti àyà rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi bo ọwọ́ kò lè dá a dúró.

Bí ọkọ̀ bá gbóná lójú ọ̀nà, kí awakọ̀ pa á, kí èrò sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n sì dúró. Wákàtí kan lè má tó. Nígbà tí ọwọ́ bá lè wà lórí róbà ti òkè láì jó, tí róbà náà sì rọ̀ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, a lè ṣí ìdérí náà díẹ̀ díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má da omi tútù sínú ẹ̀rọ tó ṣì gbóná, nítorí irin rẹ̀ lè sán.

Bí omi gbígbóná bá jó ènìyàn, kí wọ́n da omi tútù tó mọ́ sí ojú ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kí wọ́n má fi epo pupa tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á.

Àtúnṣe

Nígbà tí ẹ̀rọ bá ti tutù pátápátá, mẹkaníìkì á gbé àwo sábẹ́ rẹ̀, á sì tú omi sí i. Á tú kólíyé. Á fi ọwọ́ lọ́ róbà sọ́tùn-ún sósì títí yóò fi yọ. Kò yẹ kí ó fi irin mímú gbẹ́ ẹ, kí ẹnu pọ́ǹpù má bàa há.

Lẹ́yìn èyí, á wo róbà náà. Bí ẹnu rẹ̀ nìkan ni ó sán, tí ó sì gùn tó, á fi ọ̀bẹ gé ibi tó bàjẹ́ kúrò ní tààrà. Bí ó bá ti le tàbí tí ó ti wú, tuntun ni kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Kí ó ha ẹfun àti ìpẹtà kúrò lẹ́nu pọ́ǹpù títí yóò fi dán. Omi ni kí ó fi tọ́ ẹnu róbà kí ó lè wọlé. Epo ọkọ̀ máa ń ba róbà jẹ́.

Kí ó ti róbà wọlé dópin, kọjá etí tó yọ lẹ́nu irin náà. Lẹ́yìn etí náà ni kí kólíyé wà. Kí ó fún un kí ó le, ṣùgbọ́n kí ó má fún un débi pé irin á gé róbà. Okùn róbà táyà tàbí wáyà lè gbé ọkọ̀ dé gáráàjì, ṣùgbọ́n kò lè dúró ní ipò kólíyé.

Nígbà tó bá kù, á bu omi sí i díẹ̀ díẹ̀ kí atẹ́gùn lè jáde, á dáná sí ẹ̀rọ títí yóò fi gbóná, á sì tún wo ẹnu pọ́ǹpù náà. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹ̀rọ bá tutù, kí ó tún yẹ kólíyé wò.

Omi aláwọ̀ tí wọ́n tú kò yẹ kó ṣàn sí àgbàlá. Májèlé ni, ó sì dùn lẹ́nu. Ajá, ewúrẹ́ àti ọmọ kékeré lè lá a, kí ó sì pa wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má rọ ọ́ sínú ìgò tí wọ́n fi ń mu omi.

Ohun tó wà nínú ewu

Kólíyé kan kò wọ́n. Ṣùgbọ́n bí omi bá tán nínú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, orí ẹ̀rọ á gbóná, á sì wọ́. Ohun pẹlẹbẹ tó dí àárín orí ẹ̀rọ àti ara rẹ̀ á jó. Òun ni àwọn mẹkaníìkì ń pè ní jùwẹ́ǹ kùláàsì. Omi á wá dà pọ̀ mọ́ epo ẹ̀rọ, á sì rí bí kọfí tí wọ́n fi wàrà sí. Ní ọjọ́ náà, owó oṣù púpọ̀ ni awakọ̀ máa ná, ọkọ̀ á sì wà nílẹ̀. Ẹni tó kó tòmátì lọ sí ọjà á pàdánù ọjọ́ rẹ̀. Aláboyún tó ń lọ sí ilé ìwòsàn á dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà.

Àwọn àgbà ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí bí ó bá dàgbà tán, apá kò ní ká a mọ́. Bí awakọ̀ bá rí omi lórí páálí ní òwúrọ̀, kí ó má gbé bìdọ́ǹ. Kí ó wá ibi tó ń jò.