Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Bí Àwọn Àgbà Iṣẹ́ Rédíò Ìlú Ọba Ṣe Dé Ìdí Iṣẹ́ Wọn

Ní ìsinmi tó kọjá, àbúrò bàbá mi pè mí jókòó. Ó ní, "Yorùbá lo lọ ń kà ní yunifásítì? Ṣé o kò gbọ́ Yorùbá nílé ni? Iṣẹ́ wo lo fẹ́ fi ṣe?" Mo ní, "Iṣẹ́ rédíò ló wù mí, sà." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwọn tó kọ́ ọ ń wá iṣẹ́, áńbọ̀sì ìwọ tí o kò kọ́ ọ." N kò rí èsì fọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi wádìí bí àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ní Ìlú Ọba ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí fún yín.

John Reith ni kí a kọ́kọ́ mú. Ọmọ ilẹ̀ Scotland ni, a bí i ní 1889. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni ó kọ́. Ní 1922 ó rí i nínú ìwé ìròyìn pé ilé-iṣẹ́ tuntun kan, BBC, ń wá òṣìṣẹ́. Òun tìkára rẹ̀ ló sọ lẹ́yìn náà pé nígbà tí òun kọ̀wé béèrè iṣẹ́ ọ̀hún, òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ iṣẹ́ rédíò. Síbẹ̀ wọ́n fi í ṣe ọ̀gá. Títí ó fi lọ ní 1938, ìlànà rẹ̀ ni pé kí rédíò máa la ni lóye, kí ó máa kọ́ ni lẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì máa dá ni lára yá.

Ẹnìkan lè ní iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà ni, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tó dé lẹ́yìn. Ìmọ̀ nípa ẹ̀dá abẹ̀mí àti òkúta ni David Attenborough kọ́ ní Cambridge. Ní 1950 ó wá iṣẹ́ sí rédíò BBC, wọn kò gbà á. Ìyáàfin kan, Mary Adams, rí ìwé rẹ̀, ó sì pè é wá kọ́ iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ìyáàfin yìí kan náà ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe gbé e sójú ẹ̀rọ mọ́, nítorí eyín rẹ̀ tóbi jù! Ní 1965, Attenborough di ọ̀gá BBC2. Nígbà tó yá, ó fi ipò ọ̀gá sílẹ̀, ó padà sí ìmọ̀ tó kọ́. Ní 1979 ètò rẹ̀ lórí ìtàn ìwàláàyè, Life on Earth, jáde.

Ẹnì kẹta ni Una Marson. Akéwì àti olóòtú ìwé ìròyìn ni ní Jàmáíkà kí ó tó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1932. Ní 1941 BBC gbà á síṣẹ́. Òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di olóòtú ètò níbẹ̀. Ètò tí àwọn ọmọ ogun fi ń kí ará ilé ni ó ń ṣe. Nítorí pé akéwì ni, ó mú ewì àti ìtàn wọ inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ètò Caribbean Voices ti jáde ní 1943. Derek Walcott àti V. S. Naipaul, tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tí ètò yẹn gbé iṣẹ́ wọn jáde.

Kí ni mo rí dìmú? Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ nǹkan kan dunjú kí wọ́n tó dé. Ìdí iṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́. N kò sọ pé ilẹ̀kùn ṣí bákan náà fún gbogbo ènìyàn o: ọmọ Oxford àti Cambridge pọ̀ níbẹ̀ ju ọmọ Jàmáíkà lọ.

Ní ti àwa, ní 2018 BBC dá ẹ̀ka Yorùbá sílẹ̀. Yorùbá gan-an ni irinṣẹ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá tí a gbọ́ nílé nìkan kò tó láti ṣàlàyé ètò ìṣúná fún ìyá aláta kí ó sì yé e. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa máa mú ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́sẹ̀, kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí onítọ̀hún bá lè sọ ọ́ fún ẹlòmíràn láìṣì í sọ, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èmi ti fi ìyàwó àbúrò bàbá mi bẹ̀rẹ̀.