Oúnjẹ, Ìgbé-ayé àti Ìlera Ọpọlọ: Ọ̀rọ̀-Ìṣe Wo Ni Ó Yẹ?

Láti Aké títí dé àwọn abúlé tí ó yí Aro ká ní Abẹ́òkúta, kò sí àgbàlagbà tí kò mọ̀ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òwe yìí fi hàn pé ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti mọ̀ pé ohun tí ó bá ń ṣe ikùn máa ń kan èrò orí. Ohun tí ó ṣòro fún olùkọ́ àti ògbufọ̀ ni láti sọ bí ó ti kàn án tó, láìbù ú kù, láìsì bù mọ́ ọn. Bí wọ́n bá sọ pé oúnjẹ kò kan ọpọlọ, wọ́n tan ènìyàn jẹ. Bí wọ́n bá sì sọ pé oúnjẹ ń wo àìsàn ọpọlọ, ẹbí aláìsàn lè torí bẹ́ẹ̀ dá oògùn dókítà dúró.

Ọ̀rọ̀-orúkọ kọ́ ni ìṣòro náà. ‘Ìlera ọpọlọ’ ti fìdí múlẹ̀, bí a bá ti ń fi àmì ohùn sí i dáadáa kí ó má baà di ọ̀pọ̀lọ́ inú àbàtà. ‘Àìsàn ọpọlọ’ sì dára ju ‘wèrè’ lọ, nítorí pé ẹ̀yà kan péré nínú àwọn àìsàn náà ni wèrè jẹ́. ‘Oúnjẹ’ ni ohun tí ó wà nínú àwo. ‘Àṣà ìjẹun’ ni ohun tí ènìyàn ń jẹ láti ọjọ́ dé ọjọ́. ‘Ìgbé-ayé’ kó oorun, iṣẹ́, eré ìdárayá, ọtí mímu àti ìbágbé ènìyàn pọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó gba ìṣọ́ra, mẹ́rin nínú wọn ní pàtàkì: fà, dá kún, ràn lọ́wọ́, àti wò sàn.

‘Fà’ àti ‘wò sàn’ ní ibi tí wọ́n ti tọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àìsàn pẹlágírà gbilẹ̀ láàrin àwọn tálákà ìhà gúúsù Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ pé àgbàdo ni wọ́n fi ń gbé ẹ̀mí ró. Awọ ara a máa bó, inú a máa ṣu, iyè a sì máa rá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n kó lọ sí ilé ìtọ́jú wèrè. Láti 1914 ni Joseph Goldberger ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tí ó fi hàn pé àṣà ìjẹun ni ó fà á, kì í ṣe kòkòrò àrùn. Ní 1937, Conrad Elvehjem ṣe àwárí pé níásìn, ọ̀kan nínú àwọn fítámì, ni ara wọn ṣe aláìní. Níásìn wà nínú àgbàdo, ṣùgbọ́n ó so mọ́ ohun mìíràn débi pé ara kò lè rí púpọ̀ lò nínú rẹ̀. Ẹ̀wà ní níásìn, ó sì ní èròjà tí ara lè fi ṣe é. Nítorí náà, ẹni tí ó fi àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín jẹ ẹ̀kọ ti fi èkejì dí àléébù èkíní.

Ọ̀ràn ìrẹ̀wẹ̀sì yàtọ̀. Àjogúnbá, ọ̀fọ̀, ìṣẹ́ àti ìdánìkanwà lè para pọ̀ mú un wá. ‘Dá kún’ ni ó yẹ àṣà ìjẹun níbẹ̀. Ó sì ń ṣẹ́rí padà, nítorí pé àìlèjẹun àti àìróorunsùn wà lára àwọn àmì ìrẹ̀wẹ̀sì fúnra rẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2017, ènìyàn 67 tí ó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì fún ọ̀sẹ̀ 12. Ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ láti tún àṣà ìjẹun wọn ṣe ni àmì àìsàn náà lọ sílẹ̀ lára wọn pátápátá. Ìdá 8 péré ni láàrin àwọn tí ó kàn rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Iye ènìyàn náà kéré, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà lábẹ́ ìtọ́jú mìíràn. ‘Ràn lọ́wọ́’ ni ìwádìí náà gbè. Kò tí ì gbe ‘wò sàn’.

Bẹ́ẹ̀ náà ni oorun. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Aro, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná, tí wọ́n ń kàwé tí kò sì yé wọn mọ́. Olùkọ́ tí ó bá ń rí irú èyí gbọ́dọ̀ bi ọmọ náà bí ó ti ń sùn. Kaféènì inú obì a máa lé oorun lọ, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ oorun, èyí tí ó ń mú kí ẹ̀kọ́ ọ̀sán dúró nínú iyè.

Aro fúnra rẹ̀ ni àpẹẹrẹ tí ó dára jù. Láti 1954, Thomas Adeoye Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ sí fi aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká. Ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Aláìsàn ń jẹ ohun tí ó mọ̀, láàrin ènìyàn tí ó ń pe orúkọ rẹ̀. Kò sì tìtorí ìyẹn pàdánù oògùn. Lambo kò fi ọbẹ̀ rọ́pò abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò fi abẹ́rẹ́ rọ́pò ọbẹ̀.

Nítorí náà, kí ògbufọ̀ tó kọ ‘fà’, kí ó wádìí bóyá ‘dá kún’ ni. Kí ó tó kọ ‘wò sàn’, kí ó wò ó bóyá ‘ràn lọ́wọ́’ ni. Ọ̀rọ̀ tí ó bá kọ ni ẹbí aláìsàn yóò gbé lọ sílé.