Ìbéèrè Méjì Tó Wà Nínú Ìgò Kan

Bí a bá bó awọ etí èkúté, tí a fi èròjà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní G8.8 kùn ún, tí a sì gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ohun tí a óò rí lè ya ẹni tó gbọ́n lẹ́nu. Wọ́n ń ta G8.8 gẹ́gẹ́ bí èròjà tó ń fi sẹ́ẹ̀lì epithelium hàn, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó so mọ́ra pẹ́kípẹ́kí láti bo òde ara, tí wọ́n sì tẹ́ inú ìfun, ẹ̀dọ̀fóró, kíndìnrín àti ọ̀nà omi ọmú. Awọ òde ara rèé, kò sì sí epithelium tó ju ìyẹn lọ. Síbẹ̀, láàárín irun kan sí èkejì, àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ gan-an kò ní tàn. Àwọn tó máa tàn ni àwọn kan tó fọ́nká sáàárín wọn, tí wọ́n na apá tín-ín-rín síhìn-ín sọ́hùn-ún. Langerhans ni orúkọ wọn. Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n nínú awọ, ẹbí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà ni wọ́n, wọn kì í ṣe epithelium rárá. Ṣé irọ́ ni G8.8 pa ni? Ó tì o. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́. Àwa ló gbé ìtumọ̀ mìíràn lé e lórí. Ìbéèrè méjì ló wà nínú irú àyẹ̀wò yìí: ṣé ohun tí èròjà náà sọ pé òun ń mú ló mú lóòótọ́? Bó bá sì mú un, ṣé ohun tí a rò ni wíwà rẹ̀ ń sọ fún wa? Ẹni tó dáhùn ọ̀kan tó rò pé òun ti dáhùn méjèèjì ni ìwádìí rẹ̀ sábà máa ń dorí kodò.

Áńtíbọ́dì ni G8.8. Nígbà tí ohun àjèjì bá wọ ara, ara a máa ṣe purotéènì kan tí orí rẹ̀ bá ibì kan lára àjèjì náà mu, yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Irú rẹ̀ ló wà lára páálí àyẹ̀wò ibà àti ti oyún tí à ń rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì. Ní 1975, Georges Köhler àti César Milstein ní Cambridge so sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe áńtíbọ́dì pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí kì í ṣíwọ́ bíbí sí i, wọ́n sì rí ìran sẹ́ẹ̀lì tí yóò máa ṣe oríṣi áńtíbọ́dì kan ṣoṣo lọ láìdáwọ́ dúró. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1984. Ọ̀nà yìí ni Andrew Farr àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbà rí G8.8, tí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 1991. Eku ńlá, èyí tí Òyìnbó ń pè ní rat, ni wọ́n fún ní sẹ́ẹ̀lì èkúté, nítorí ara èkúté kì í sábà dojú ìjà kọ purotéènì tirẹ̀. Thymus ni wọ́n ń wádìí, ẹ̀yà ara kan lókè ọkàn níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì agbèjà ara tí wọ́n ń pè ní T ti ń kọ́ iṣẹ́ ogun wọn. G8.8 tàn lára epithelium tó wà lábẹ́ èèpo thymus àti ti àárín gbùngbùn rẹ̀, wọ́n sì fi ìyẹn hàn pé epithelium thymus kì í ṣe oríṣi kan náà. Ẹ kíyè sí i: láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni áńtíbọ́dì yìí ti ń sọ pé kì í ṣe gbogbo epithelium ni òun mọ̀.

Purotéènì tí G8.8 ń lẹ̀ mọ́ ni EpCAM. Ìtàn tirẹ̀ náà kún fún kí ènìyàn fún nǹkan lórúkọ kó tó mọ̀ ọ́n. Ní 1979, àwọn olùwádìí Wistar Institute ní Philadelphia rí i lára jẹjẹrẹ ìfun ńlá ènìyàn, wọ́n sì kà á sí àmì jẹjẹrẹ. Nígbà tó yá, ó hàn pé ìfun tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá náà ní i. Láàbù kan pè é ní 17-1A, òmíràn pè é ní KSA, òmíràn ní GA733-2, gbogbo wọn ò tètè mọ̀ pé nǹkan kan náà ni wọ́n dì mú. Purotéènì náà kò mọ̀ pé àmì ni òun. Iṣẹ́ tirẹ̀ ló ń ṣe, ó ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì ìfun dúró pọ̀. Ní 2008 ni wọ́n rí i pé àwọn ọmọ kan tí ìgbẹ́ gbuuru líle ń bá jà láti ìgbà ìkókó, jíìnì EpCAM wọn ló bàjẹ́.

Lórí ìbéèrè àkọ́kọ́, ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò fini lọ́kàn balẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ń ṣe Human Protein Atlas ní Sweden dán áńtíbọ́dì tó ju 5,000 lọ wò, èyí tí wọ́n rà lọ́jà, bí ìdajì péré ló ṣiṣẹ́ dáadáa nínú irú àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe. Ní 2023, ẹgbẹ́ YCharOS, tí Canada jẹ́ ibùdó rẹ̀, gbé èsì áńtíbọ́dì 614 fún purotéènì 65 jáde. Lórí purotéènì kọ̀ọ̀kan, bí a bá pín in dọ́gba, wọ́n rí ìwé ìwádìí bíi 12 tó ti lo áńtíbọ́dì tí kò lè mú ohun tí wọ́n ń wá. Èyí tó dùn mí jù ni ti Eleftherios Diamandis àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Toronto. Wọ́n rò pé purotéènì kan tó ń jẹ́ CUZD1 yóò tètè tú àṣírí jẹjẹrẹ àmọ́, ẹ̀yà ara tí Òyìnbó ń pè ní pancreas. Wọ́n ra ohun èlò àyẹ̀wò rẹ̀, wọ́n fi ọdún méjì ṣiṣẹ́, wọ́n ná bí ìdajì mílíọ̀nù dọ́là. Ìgbà tí wọ́n yẹ ohun èlò náà wò fínnífínní ni wọ́n rí i pé CA125, purotéènì mìíràn pátápátá, ló ń kà fún wọn. Ìgò náà ní orúkọ lára, orúkọ yẹn kàn ni kì í ṣe ti ohun tó ń mú.

Ọ̀nà tó dájú jù láti mọ òótọ́ kò ṣòroó lóye. Ẹ yọ jíìnì purotéènì náà kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì, kí ẹ tún un kùn. Bó bá ṣì ń tàn, nǹkan mìíràn ló ń mú. Ó sì yẹ kí a ṣọ́ ìrù áńtíbọ́dì pẹ̀lú orí rẹ̀, nítorí àwọn sẹ́ẹ̀lì agbèjà ara ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń di ìrù áńtíbọ́dì èyíkéyìí mú, sẹ́ẹ̀lì tí kò ní EpCAM rárá sì lè tipa bẹ́ẹ̀ tàn. Ẹni tó bá rí Langerhans tó ń tàn yóò kọ́kọ́ fura sí èyí, ó sì yẹ kó fura. Ṣùgbọ́n ní 2012, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà yọ jíìnì EpCAM kúrò nínú Langerhans èkúté nìkan, àwọn ẹ̀ṣọ́ náà kò sì lè rìn kúrò nínú awọ bó ṣe yẹ mọ́. EpCAM wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe. G8.8 yege nínú ìbéèrè àkọ́kọ́. Ìbéèrè kejì ló gbé àwa ṣánlẹ̀.

Bí EpCAM ṣe lè wà lára ohun tí kì í ṣe epithelium, bẹ́ẹ̀ náà ni epithelium lè sọ EpCAM nù. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó fẹ́ kúrò níbi tí wọ́n ti bí i a máa tú ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀, EpCAM rẹ̀ a sì máa dín kù. Láti 2004 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí CellSearch, ẹ̀rọ tó ń fi áńtíbọ́dì EpCAM ti ènìyàn àti irin kéékèèké tí mágínẹ́ẹ̀tì ń fà ṣa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó ti bọ́ EpCAM sílẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọ̀rọ̀ ibà kò yàtọ̀: páálí àyẹ̀wò tó wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ Áfíríkà ń wá HRP2, purotéènì kan tí kòkòrò ibà ń ṣe, ṣùgbọ́n ní Peru àti Eritrea, wọ́n rí kòkòrò tí jíìnì HRP2 ti yọ kúrò lára rẹ̀. Páálí ní ibà ò sí, aláìsàn ń gbọ̀n.

Ẹnìkan lè sọ pé ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń lo G8.8, kí ló tún kù tí a fẹ́ dán wò? Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó sì jẹ́ ìdí tí èmi náà fi fọkàn tán an ju áńtíbọ́dì tó dé ọjà lánàá lọ. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn so mọ́ bí wọ́n ṣe lò ó. Ẹran ara tí wọ́n fi yìnyín mú le yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n rẹ sínú formalin, nítorí formalin lè pa ojú ibi tí áńtíbọ́dì fẹ́ dì mú dé. Omi tí a fi ń tú sẹ́ẹ̀lì ká náà lè gé orí purotéènì dànù kí áńtíbọ́dì tó dé. Orúkọ rere tí G8.8 ní nínú láàbù kan kò bá a wọ gbogbo láàbù.

Wọ́n tún lè ní owó ńkọ́, pàápàá níbi tí láàbù ti ń bá iná ọba àti owó dọ́là fà á. Òótọ́ ni pé yíyọ jíìnì wọ́n. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣọ́ra kò wọ́n. Kí a kun ìfun èkúté àti iṣan rẹ̀ pọ̀, kí ìfun tàn, kí iṣan má tàn. Kí a kun òmíràn pẹ̀lú áńtíbọ́dì rat tó jẹ́ irú G8.8 ṣùgbọ́n tí kò mọ purotéènì èkúté kankan. Kí a fi áńtíbọ́dì CD45 kún un, èyí tó ń mú ẹbí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun: sẹ́ẹ̀lì tó bá ní EpCAM tí kò ní CD45 la lè pè ní epithelium, Langerhans yóò sì já bọ́ fúnra rẹ̀. Owó ìgò méjì péré nìyẹn.

Àtakò tó kù ni pé eku ni gbogbo èyí, kí ló kan aláìsàn? Àwọn oògùn jẹjẹrẹ ń gba ara eku kọjá kí wọ́n tó dé ara wa. Àyẹ̀wò tí dókítà fi ń yan oògùn fún obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú, áńtíbọ́dì ni wọ́n fi ń ṣe òun náà. Ní 2017, àwọn olùwádìí ní Sweden dán áńtíbọ́dì 13 wò, èyí tí àwọn ènìyàn ti ń fi wá ERβ, purotéènì kan tó ń gbọ́ràn sí èròjà obìnrin ẹ́sítírójìn. Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣe é gbọ́kàn lé. Ọ̀kan yẹn kò rí ERβ nínú ọmú tó dá ṣáṣá, kò sì rí i nínú jẹjẹrẹ ọmú, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti ń kọ̀wé nípa iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀.