Àwọn Tó Ń Tọpa Ohun Tí Ojú Kò Rí

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1932, Carl Anderson, onímọ̀ físíìsì kan ní iléèwé Caltech ní California, ya fọ́tò kan tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ dòní. Àpótí tó kún fún ọ̀rinrin ló gbé síwájú kámẹ́rà. Bí èérún tó kéré ju átọ́ọ̀mù lọ, tó sì ní iná mànàmáná lára, bá gba inú irú àpótí bẹ́ẹ̀ kọjá, ẹ̀kán omi wẹ́wẹ́ á tò sójú ọ̀nà tó gbà, á sì di ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́. Èérún ti lọ, ipa rẹ̀ ló kù.

Anderson fi òòfà ńlá yí àpótí náà ká, nítorí òòfà kì í jẹ́ kí irú èérún bẹ́ẹ̀ rìn gbọọrọ; ṣe ló máa ń tẹ ọ̀nà rẹ̀. Ó tún gbé pẹlẹbẹ òjé tó nípọn tó mìlímítà 6 dábùú àárín. Nínú fọ́tò yẹn, ìlà kan la òjé kọjá: nísàlẹ̀, ó tẹ̀ díẹ̀, lókè, ó tẹ̀ gan-an. Bí agbára èérún bá ṣe kéré tó ni òòfà á ṣe tẹ̀ ẹ́ tó, òjé sì máa ń gba agbára lára ohun tó bá là á kọjá. A jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló ti ń bọ̀. Tó bá sì jẹ́ ìsàlẹ̀ ló ti wá, ìhà tó tẹ̀ sí fi hàn pé iná ara rẹ̀ jẹ́ òdìkejì ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Kò lè jẹ́ pírótọ́ọ̀nù, torí pírótọ́ọ̀nù tó tẹ̀ tó yẹn kì bá tí rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kó tó dúró. Positron nìyẹn, ohun tí kò sẹ́ni tó tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ rí. Anderson gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní 1936.

Ìlà kan péré, ojú èèyàn ló kà á. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1960, fọ́tò ti di ọ̀kẹ́ àìmọye, àwọn obìnrin ni wọ́n sì gbà síṣẹ́ jù láti máa wọn ìlà inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tó ń fọ́ni lójú ni, orúkọ wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú ìwé ìtàn. Ní 1968, Georges Charpak ní CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì kan, ṣe ẹ̀rọ oníwáyà tó ń fi iná mànàmáná jíṣẹ́ dípò fọ́tò. Kọ̀ǹpútà bá gba iṣẹ́ náà.

CERN yìí kan náà, lẹ́bàá ìlú Geneva, ni iṣẹ́ ọ̀hún ti le jù lónìí. Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ roboto kan wà níbẹ̀, tí yíyípo rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 27, ní nǹkan bí 100 mítà lábẹ́ Switzerland àti Faransé. Inú rẹ̀ ni ìdì-ìdì pírótọ́ọ̀nù ti ń pàdé ara wọn, tó ìgbà mílíọ̀nù 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú ìpàdé kan ṣoṣo, ìforígbárí tó lé ní 50 lè ṣẹlẹ̀ pọ̀, kí èérún sì fọ́n káàkiri.

Ẹ̀rọ CMS wà lára àwọn tó ń ṣọ́ wọn. Wọ́n to pẹlẹbẹ sílíkọ́ọ̀nù sí àárín rẹ̀ ní ìpele-ìpele. Òòfà tó yí i ká lágbára tó nǹkan bí ìlọ́po 100,000 ti ilẹ̀ ayé. Èérún tó bá kọjá á fi àmì iná bíńtín sílẹ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Àmì lásán ni, kò sí ìlà, kò sì sí àmì tó ń dárúkọ ẹni tó ni ín. Ọdẹ tó bá dé etí odò níbi tí ẹran igbó ti tẹ ẹrẹ̀ mọ́lẹ̀ pitimu, tó ń wá ipasẹ̀ ẹtu kan ṣoṣo, ló lè mọ irú wàhálà yìí.

Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ mú àmì mẹ́ta tó jọ pé wọ́n bá ara wọn tan, á fa ìlà tó tẹ̀ gba orí wọn, á wá ṣírò ibi tó yẹ kí ìkẹrin wà. Á lọ wò níbẹ̀. Tó bá bá a, á fi tún ìlà rẹ̀ ṣe, á tún ṣírò ìkarùn-ún. Tó bá bá méjì, á tẹ̀lé méjèèjì títí ọ̀kan á fi já sásán. Ó ń fàyè sílẹ̀ fún ìtàsé díẹ̀ pẹ̀lú, torí sílíkọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ máa ń ti èérún yẹ̀ díẹ̀ lójú ọ̀nà. Rudolf Kalman ló gbé ìpìlẹ̀ ìṣirò yìí kalẹ̀ ní 1960. Ìṣirò kan náà ni wọ́n lò láti mọ ibi tí ọkọ̀ Apollo dé lójú ọ̀nà òṣùpá. Ní 1987, Rudolf Frühwirth fi hàn bó ṣe wúlò fún ipa èérún.

Èrè làálàá yìí kò kéré. Èérún Higgs, tí CERN kéde ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 2012, kì í fi àmì kankan sílẹ̀ rárá. Ó ti fọ́ kó tó dé ìpele àkọ́kọ́. Nígbà mìíràn, èérún mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní muon ló máa ń fọ́ sí. Àwọn wọ̀nyẹn ni wọ́n tọpa padà, tí wọ́n fi títẹ̀ ìlà wọn mọ agbára wọn, kí wọ́n tó ṣírò ìwọ̀n Higgs fúnra rẹ̀.

Ní báyìí, CERN ń múra láti sọ ìforígbárí inú ìpàdé kan di nǹkan bí 200. Bí àmì bá ṣe ń pọ̀ sí i, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà so wọ́n pọ̀ ṣìnà ń pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣí ìdíje TrackML sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2018: nǹkan bí àmì 100,000 látara nǹkan bí èérún 10,000, wá sọ èyí tó jẹ́ ti èwo. Kò pọn dandan kí olùdíje jẹ́ onímọ̀ físíìsì.

Láti 2014 ni CERN sì ti ń gbé ojúlówó àkọsílẹ̀ CMS sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ètò tí èèyàn lè fi wo ipa èérún náà lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin olùkọ́ físíìsì níléèwé girama, ẹ wá CERN Open Data, kẹ́ ẹ fi han àwọn ọmọ yín ní kíláàsì.