Òkè Ẹ̀fọ̀n, Ìyá Omi: Ohun Rere tí À Ń Kọjá Lára Rẹ̀ Láìwò

Bí a bá bi ẹni tí ó máa ń ti Adó-Èkìtì lọ sí Iléṣà léèrè ohun tí ó rí lójú ọ̀nà, yóò sọ ti kòtò tí ó wà lójú títì, yóò sọ iye tí wọ́n ń ta iṣu ní Arámọ̀kọ́, yóò sì sọ iye wákàtí tí ọkọ̀ fi rìn. Ṣùgbọ́n bí a bá tún bi í pé, "Òkè wo ni o rí?" yóò wò wá bí ẹni pé a ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti rí òkè títí, kò rí i mọ́. Kì í sì í ṣe àlejò nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Àwa ọmọ Èkìtì, tí àwọn àgbà sọ pé inú òkìtì àti òkè ni orúkọ ilẹ̀ wa ti jáde, ni ó bá wí jùlọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ònkàwé wa ọ̀wọ́n, ẹ jẹ́ kí a jọ rin ọ̀nà náà lọ́sẹ̀ yìí láìkánjú. Láti Adó, kọjá Ìyìn àti Ìgẹ̀dẹ̀, ojú ilẹ̀ kò ga púpọ̀: oko ẹ̀gẹ́, oko iṣu, igbó kòkó, àti àpáta kọ̀ọ̀kan tí ó dá dúró bí àgbà tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Bí a bá ti ń fi Arámọ̀kọ́, ìlú Alárá, sílẹ̀, kí a gbé ojú sí ìwọ̀ oòrùn. Bí kò bá ṣe ìgbà ọyẹ́, nígbà tí kùrukùru máa ń bo ohun gbogbo, a ó rí bí ògiri gígùn kan ti na láti gúúsù lọ sí àríwá, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró tí ó ti ń ṣá. Èyí kì í ṣe òkè kan ṣoṣo bí Olósùnta ti Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀wọ́ òkè ni, èkejì so mọ́ èkíní, ẹ̀kẹta so mọ́ èkejì.

Òkúta tí Ẹlẹ́dàá fi mọ ògiri yìí yàtọ̀ sí àpáta dúdú tí a mọ̀ ní Adó àti Ìkẹ́rẹ́. Ó funfun, ó le, bí a bá sì fọ́ ọ, ojú rẹ̀ a máa dán bí iyọ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ wí pé iyanrìn lásán ni ní ìgbà láéláé, kí ooru àti ìwúwo ilẹ̀ tó sọ ọ́ di òkúta. Orúkọ Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n sì fi pè é nínú ìwé wọn, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí kò tí ì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa rí lè mọ orúkọ ìlú Aláayè nínú ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Òkúta náà sán níbi púpọ̀. Nígbà tí òjò bá rọ̀ sórí òkè, kì í ṣe gbogbo omi náà ni ó ń ṣàn lọ. Apá kan ń gba inú sísán wọnnì wọlé, a fara pamọ́ sínú ilẹ̀, a sì jáde ní ẹsẹ̀ òkè nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tó. Ẹni tí ó bá di ọ̀rọ̀ kan yìí mú yóò mọ ìdí ohun púpọ̀ tí a ó rí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gba ọ̀nà Ẹrìnjìyàn lọ sí Ìkógòsì. Níbẹ̀ ni omi gbígbóná ti ń sun láti inú ilẹ̀, tí omi tútù mìíràn sì ń sun nítòsí rẹ̀, títí àwọn méjèèjì fi pàdé tí wọ́n sì jùmọ̀ ṣàn lọ lábẹ́ igi. Àwọn ìwé kan wí pé omi náà gbóná tó ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, ta ni ì bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ tí kò ní bó? Àwọn tí wọ́n fi òṣùwọ̀n wò ó rí i pé nǹkan bí ìwọ̀n 37 tàbí 38 ni, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ bá ooru ara ènìyàn dọ́gba; ìdí rẹ̀ nìyí tí ọmọdé fi lè wẹ̀ nínú rẹ̀ láìbẹ̀rù. Kò sí òkè oníná lábẹ́ rẹ̀. Omi òjò tí ó wọ inú sísán òkúta ni ó lọ sí ìsàlẹ̀ jíjìn, níbi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti móoru, tí ó sì padà gòkè wá kí ó tó tutù tán. Ọ̀pọ̀ ìdílé ti mu omi inú ìgò tí a ń pè ní Gossy láìmọ̀ pé láti Ìkógòsì ni.

Ní ọdún 1952 ni òjíṣẹ́ Ìjọ Onítẹ̀bọmi kan láti Amẹ́ríkà, John McGee, ṣe àgọ́ sí ibẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ onígbàgbọ́. Àwọn kan a máa wí pé òun ni ó "rí" omi náà. A dúpẹ́ fún iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń pọn omi níbẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tó dé ayé ńkọ́? Ohun tí ó ṣe ni pé ó dúró wò ó, ó sì rí i pé ó yẹ kí àwọn ẹlòmíràn wá wò ó pẹ̀lú. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa kò tí ì ṣe.

Nítòsí Ìkógòsì ni Ìpólé-Ìlòrò wà, níbi tí omi Àrìnta ti ń já láti orí àpáta. Bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá lọ sí Ìkógòsì, díẹ̀ ni ó ń bi ara wọn léèrè bóyá ohun mìíràn wà níwájú. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà. Igbó bo ọ̀nà rẹ̀, a ó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn omi kí a tó rí i; nígbà tí a bá sì rí i, ìkùukùu omi tútù yóò ti ta sí wa lójú. Ní àkókò òjò ni ó ń ṣàn púpọ̀, ìgbà náà sì ni àpáta rẹ̀ ń yọ̀ jùlọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí títì, kí a sì gun òkè dé Ẹ̀fọ̀n. Ìlú yìí wà láàárín òkè bí ẹyin nínú ìtẹ́. Níbẹ̀ ni a sin Josẹfu Ayọ̀ Babalọlá sí, ẹni tí ìsọjí ńlá ọdún 1930 ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Iléṣà, tí ó sì kú ní ọdún 1959. Ní ìhà kejì òkè, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ni Olúmirin ti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ti ń já wálẹ̀ láti ìpele dé ìpele, tí àwọn ará ibẹ̀ ń ka ìpele rẹ̀ sí méje. Ẹni tí ó bá rí i láti ìsàlẹ̀ yóò rò pé omi Ìjẹ̀ṣà nìkan ni. Ṣùgbọ́n orí òkè kan náà tí àwọn ará Ẹ̀fọ̀n ń wò láti ẹ̀yìn ilé wọn ni ó ti ń bọ̀. Ààlà ìpínlẹ̀ ti ya àwa ènìyàn. Kò ya omi.

Síwájú sí àríwá ni Òkè-Ìmẹ̀sí, ìlú Fábùnmi, ọ̀kan nínú àwọn akọni tí wọ́n dìde sí Ìbàdàn nígbà ogun Èkìtìparapọ̀. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, a kò sì fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà títí di ọdún 1886. Àwọn àgbà wí pé ìró ìbọn ńláńlá tí ń dún láàárín àwọn òkè wọ̀nyí ni a fi pe ogun náà ní Kírìjì. A sì ti kọ́ àwọn ọmọ wa ní orúkọ ogun. Ṣé a ti fi òkè tí ó gba ohùn rẹ̀ hàn wọ́n rí?

Láti ibẹ̀, bí a bá sọ̀kalẹ̀ sí ìhà Ìjerò, ilẹ̀ Ajerò, òkè yóò tún rẹ̀lẹ̀. Ní Ìjerò, àwọn ènìyàn mọ iye owó òkúta dáradára. Wọ́n ń wa tíìnì, wọ́n ń wa tántaláìtì, wọ́n sì ń wa tọmalíìnì, èyí tí a fi ń ṣe ohun ọ̀ṣọ́. A kò bá ẹnikẹ́ni wí pé ó wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kòtò tí a wà tí a kò dí ń gba omi ẹrẹ̀, ó sì lè di ikú fún ọmọ tí ń ṣeré. Ìjerò fi hàn wá pé ohun tí a lè gbé lọ sọ́jà nìkan ni a máa ń kà sí ọrọ̀. Òkè tí ó ń fún wa ní omi kò ṣeé dì sínú àpò, nítorí náà a kò kà á sí.

Onígbàgbọ́ kan lè wí pé, "Ibi òrìṣà ni àwọn odò àti àpáta wọnnì, kí ni a ń wá níbẹ̀?" Ìbéèrè tí ó yẹ ni. Òtítọ́ ni pé àwọn bàbá wa bọ omi, wọ́n sì bọ òkè. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá foríbalẹ̀ fún oòrùn, ṣé a ó wá kọ̀ láti sá aṣọ? Ẹni tí ó dá omi ni kò jẹ́ kí a bọ omi. Kò sọ pé kí a kẹ́gàn rẹ̀. Bí àwa onígbàgbọ́ bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù, àwọn tí kò bẹ̀rù ohunkóhun, tí wọ́n fẹ́ igi àti owó nìkan, ni yóò jogún rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù nìyí. Igi àti koríko tí ó wà lórí òkè ni ó ń dá omi òjò dúró kí ó lè ráyè wọ inú sísán òkúta. Bí a bá gé igi tán, tí àwọn ọdẹ sì ń tiná bọ igbó ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀, òjò yóò sáré sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò gbé erùpẹ̀ oko lọ, kì yóò sì sí ohun tí yóò kù fún ìsun ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá tí a kò bọ́ kò lè fún ọmọ lọ́mú.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, nígbà ìsinmi ilé-ìwé tí ń bọ̀, ẹ mú àwọn ọmọ yín rin ọ̀nà yìí. Ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀, ẹ di ọmọdé lọ́wọ́ mú lórí àpáta, ẹ má dáná sínú igbó, ẹ má sì da ọ̀rá sílẹ̀ lẹ́bàá omi. Ẹ kí àwọn àgbà ìlú tí ẹ bá bá níbẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n ní orúkọ òkè àti odò kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ kọ ọ́ sínú ìwé wọn, nítorí ohun tí kò lórúkọ kì í ní olùgbèjà. Lẹ́yìn náà, kí bàbá ilé dúró lẹ́bàá omi, kí ó nawọ́ sí òkè tí ó wà lókè wọn, kí ó sì wí fún wọn pé láti ibẹ̀ yẹn ni ó ti wá.