Alùpùpù Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin ní Niamey: Èwo ni Ẹni Tí Kò Gùn Ún Rí Yóò Rà?

Kì í ṣe ohun tuntun ní Niger kí ènìyàn máa fi ẹ̀rọ sáré lórí iyanrìn fún ìgbádùn. Ní oṣù kìíní ọdún 1979, ìdíje Paris–Dakar àkọ́kọ́ la orílẹ̀-èdè náà kọjá. Ará Niamey tí ó bá fẹ́ tọ́ irú adùn bẹ́ẹ̀ wò lónìí lè máa ronú alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní quad. Ohun tí olùrà sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni bí ó ṣe ń sáré tó. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ ni ó yẹ kí ó ṣíwájú.

Ẹsẹ̀ mẹ́rin a máa tan ènìyàn jẹ. Ẹni tí ó bá wò ó yóò rò pé kò lè ṣubú. Ó ga, kò sì fẹ̀ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tí a ṣe fún àgbàlagbà ni ó wúwo ju 200 kìlógíráàmù lọ. Bí ilẹ̀ bá dagun, tàbí bí agùn-ún bá ṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lójijì, ó lè dojú dé lé e lórí. Ara ẹni tí ó gùn ún ni ó ń mú un dúró: yóò tẹ̀ síwájú bí ó bá ń gun òkè, yóò sì fì sí apá ibi tí ó ń yà sí. Ọmọdé kò ní ìwọ̀n tí yóò fi ṣe èyí. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń ṣe é ṣe gbà fún ìjọba Amẹ́ríkà ní ọdún 1988 pé àwọn kò ní ta ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mọ́, àti pé èyí tí ó bá ju 90 cc lọ kì í ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16.

Fún àgbàlagbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, nǹkan bí 250 cc ti tó. Kí ó gùn ún kí ó tó sanwó: bí ó bá dìde dúró lórí ibi ìtẹ̀sẹ̀, kí ìdí rẹ̀ kúrò lórí ìjókòó; bí ó bá yí ọwọ́ rẹ̀ dé òpin, kí apá rẹ̀ má nà tán. Àṣíborí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ọ̀pọ̀ sì ni a ṣe fún ẹnì kan ṣoṣo, bí ìjókòó rẹ̀ tilẹ̀ gùn.

Ooru Niamey ní oṣù kẹrin a máa kọjá ìwọ̀n 40, eruku ọyẹ́ sì ń dí asẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Èyí tí mẹkáníìkì àdúgbò mọ̀ tí asẹ́ rẹ̀ sì rọrùn láti fọ̀ sàn ju èyí tí orúkọ rẹ̀ ń dún lọ.

Níbo ni yóò ti gùn ún? Ní oṣù kìíní ọdún 2000, ìdíje Paris–Dakar yẹn kan náà dúró ní Niamey nítorí ìhàlẹ̀ àwọn apániláyà. Ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi kó àwọn ọkọ̀ lọ sí Líbíà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, àwọn aláṣẹ fi òfin de lílọ bíbọ̀ alùpùpù ní agbègbè Tillabéri, tí ó yí Niamey ká. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n pa ènìyàn mẹ́jọ ní Kouré, níbi tí wọ́n ti lọ wo àgùnfọn. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ aláṣẹ ni kí olùrà kọ́kọ́ lọ béèrè ibi tí òfin gbà á láàyè, kí ó tó lọ bá oníṣòwò. Láti oṣù kẹfà pẹ̀lú, nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀, ilẹ̀ iyanrìn tí ó dàbí òfìfo ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lè ti di oko jéró ẹlòmíràn.